Kernel Linux ń yí padà lójoojúmọ́, kí ló dé tí ápù yín ò bàjẹ́ àmọ́ tí Wi-Fi yín sọnù?

Látìgbà tí Microsoft ti dá iṣẹ́ dúró lórí Windows 10 ní 14 oṣù kẹwàá 2025 ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti di ìṣòro, torí Windows 11 ní òun ò wọ ibi tí kò bá ti sí TPM 2.0, ìyẹn chip ààbò kan, àti processor tí kò tíì pẹ́, bẹ́ẹ̀ láptọ́ọ̀pù tí agbára òbí ká lọ́pọ̀ ìgbà ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n á gbé e lọ bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Under G tàbí Takie, wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn fi Ubuntu tàbí Linux Mint sí i dípò Windows, oríṣi Linux làwọn méjèèjì. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Firefox ń ṣí, LibreOffice ń ṣí, ẹni tó ń kọ́ Python ń kọ́ ọ lọ. Ó di ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà ní update ti dé, wọ́n gbà á wọlé, wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, gbogbo nǹkan wà níbi tó wà àfi íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á gbé e padà, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, Wi-Fi ò jáde mọ́." Ọ̀pọ̀ á ti gbà lọ́kàn ara wọn nígbà yẹn pé Linux ò dáa.

Mo fẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, torí kì í ṣe àṣìṣe ló fà á. Ìpinnu ni, àwọn tó ń kọ kernel náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n sì ti wà lẹ́nu ẹ̀ tipẹ́. Kernel Linux ṣe ìlérí kan fún àwọn prógíráàmù tó wà lóde, kì í sì í fẹ́ yẹ̀ ẹ́ rárá. Àmọ́ kò ṣe ìlérí kankan fún ohun tó bá wà nínú òun fúnra ẹ̀. Firefox yín wà lóde. Driver Wi-Fi yín, ìyẹn kọ́ọ̀dù tí kernel fi ń bá káàdì Wi-Fi sọ̀rọ̀, wà nínú.

Kernel ni prógíráàmù tó wà láàárín àwọn ápù àti àwọn irin inú kọ̀ǹpútà. Ápù kankan ò lè fọwọ́ ara ẹ̀ kan disk, kò sì lè bá káàdì Wi-Fi sọ̀rọ̀ ní tààrà. Tó bá fẹ́ ṣí fáìlì, kernel ló máa bẹ̀ pé bá mi ṣí i, tó bá fẹ́ kà á, á tún padà wá bẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè ní system call, wọ́n lé ní 300 lórí Linux, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́mbà tiẹ̀. Lórí irú láptọ́ọ̀pù 64-bit tí gbogbo wa ń lò yìí, read ni 0, write ni 1, open ni 2, bó ṣe wà nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ yí i.

Linus Torvalds, ọmọ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991 nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì Helsinki, òun náà ló ṣì ń darí ẹ̀ dòní. Òfin tó le jù lọ́wọ́ ẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: a ò gbọ́dọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn prógíráàmù tó wà lóde lọ́wọ́. Tí ápù kan bá ń ṣiṣẹ́ lórí kernel àná, tó wá kọ̀ lórí tòní, kernel ló jẹ̀bi. Ì báà jẹ́ pé wúruwùru lẹni tó kọ ápù náà kọ ọ́, ì báà jẹ́ pé ìwé ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù kejìlá 2012 lọ̀rọ̀ yìí gbóná débi tí gbogbo ayé fi gbọ́. Ẹnì kan tó ń bójú tó apá fídíò nínú kernel yí nọ́mbà àṣìṣe kan padà, ìyẹn ohun tí kernel fi máa ń fèsì tí wọ́n bá bi í ní nǹkan tí kò mọ̀. Nọ́mbà kan ṣoṣo o. Àwọn prógíráàmù tó ń bójú tó ohùn lórí desktop bá dàrú. Nígbà tí wọ́n fẹjọ́ sùn, ọ̀gbẹ́ni náà ní àwọn tó kọ prógíráàmù ohùn ló yẹ kí wọ́n lọ tún tiwọn ṣe. Torvalds bú u níta gbangba, ó ní kó má tún dá irú ẹ̀ láṣà mọ́. Èmi ò fara mọ́ bó ṣe bá èèyàn sọ̀rọ̀, òun fúnra ẹ̀ tọrọ àforíjì lórí irú ìwà yẹn ní oṣù kẹsàn-án 2018, ó sì lọ sinmi fúngbà díẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ ni, òun ló jàre. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò mọ ẹni tó kọ prógíráàmù ohùn, kò mọ ẹni tó kọ kernel, ohun tó mọ̀ ni pé òun ṣe update, orin ò dún mọ́. Tíyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní ṣe update mọ́, bẹ́ẹ̀ inú update yẹn náà ni àtúnṣe ààbò wà, ẹni tí kò bá ṣe é ti ṣílẹ̀kùn fáwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Inú wá ńkọ́? Inú kì í sinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni kernel tuntun fi ń jáde, gbogbo ìgbà tó bá sì jáde ni wọ́n á ti tú nǹkan palẹ̀ níbẹ̀. Ní 1996, nígbà tí Linux 2.0 kọ́kọ́ lè lo processor tó ju ẹyọ kan lọ, àgádágodo ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ti gbogbo ẹ̀, tí processor kan bá ti wà nínú kernel, àwọn yòókù á dúró. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó di 2011 kí àjẹkù ẹ̀ tó kúrò nínú 2.6.39. Apá tó ń pín àkókò processor fáwọn prógíráàmù, Ingo Molnar gbé òmíì tí wọ́n ń pè ní CFS wá ní 2007, nígbà tó di 2023 wọ́n fi EEVDF rọ́pò ìyẹn náà nínú 6.6. Oṣù kìíní 2018 ni ayé gbọ́ nípa Meltdown, àléébù tó wà nínú processor Intel fúnra wọn, tó ń jẹ́ kí prógíráàmù lásán lè yọjú wo mẹ́mọ́rì kernel, wọ́n sì ní láti ya mẹ́mọ́rì kernel sọ́tọ̀ kúrò lára tàwọn prógíráàmù, iṣẹ́ tó kan ìpìlẹ̀ gan-an. Ó dín eré kọ̀ǹpútà kù, òótọ́ ni, àmọ́ kò sí ẹni tí wọ́n ní kó lọ tún ápù ẹ̀ kọ torí ìyẹn.

Ẹ fi wé ìyá alámàlà. Ẹ dúró níwájú, ẹ ní kí wọ́n bu àmàlà, kí wọ́n da gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, kí wọ́n fi ẹran sí i. Bí ìyá bá ti kúrò lórí igi bọ́ sórí gáàsì, bí wọ́n bá ti gbé ìkòkò láti apá ọ̀tún lọ sápá òsì, kò kàn yín, bẹ́ẹ ṣe ń béèrè náà lẹ ṣì ń béèrè, ohun tẹ́ ẹ béèrè náà lẹ sì ń gbà. Àmọ́ ọmọ tó ń rokà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìkòkò ti kúrò níbi tó wà lánàá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á nawọ́ sí afẹ́fẹ́. Driver kì í ṣe oníbàárà, ọmọ inú ilé ìdáná ni.

Greg Kroah-Hartman, tó ń bójú tó àwọn kernel tí wọ́n ń tún ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde, kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìwé náà wà nínú kernel fúnra ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á. Ó ní, bí àpẹẹrẹ, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tún bí USB ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú Linux kọ, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sì tún un kọ, wọ́n á da èyí tó ti gbó nù. Ká ní wọ́n ti ṣèlérí fáwọn driver pé inú ò ní yí padà ni, gbogbo èyí tó ti gbó yẹn ni wọ́n á ṣì máa gbé kiri, pẹ̀lú gbogbo àléébù inú wọn. Òfin tó bá èyí rìn ni pé ẹni tó bá yí nǹkan padà nínú kernel, òun náà ló máa lọ tún gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lò ó nínú kernel ṣe. Tí driver yín bá ti wà nínú kọ́ọ̀dù Linux gangan, ẹ lè sùn, ẹlòmíì tí ẹ ò mọ̀ rí ló máa bá yín tún un ṣe. Àǹfààní ńlá ni, mi ò sì rò pé àwọn èèyàn mọyì ẹ̀ tó.

Ìyọnu wà fún driver tó bá wà níta kọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ mọ àwọn Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, tí páálí wọn ò sọ irú chip tó wà nínú ẹ̀. Tí kernel ò bá mọ chip yẹn, ẹni tó ń bá yín tún un ṣe á lọ wá driver kan lórí GitHub, ibi táwọn èèyàn ń gbé kọ́ọ̀dù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á fi sí i, á sì lo DKMS kó lè máa fúnra ẹ̀ kọ́ driver náà lákọ̀tun nígbàkúùgbà tí kernel tuntun bá wọlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ DKMS ò lè tún kọ́ọ̀dù kọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, driver tó bá fẹ́ dá aago inú kernel dúró á pe del_timer_sync. Nínú Linux 6.15 tó jáde ní oṣù karùn-ún 2025, wọ́n yọ orúkọ yẹn kúrò pátápátá, timer_delete_sync nìkan ló kù. Nígbà tó di 6.16, from_timer náà di timer_container_of. Iṣẹ́ ò yí padà o, orúkọ ló yí padà, àmọ́ orúkọ yẹn ti tó. Gbogbo driver tó wà nínú kernel ni wọ́n tún ṣe pọ̀ mọ́ ọn. Driver tí ẹnì kan gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn tí kò tún bojú wẹ̀yìn mọ́, ta ló fẹ́ tún un ṣe? DKMS á gbìyànjú ẹ̀, á kùnà, á kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò, tí kọ̀ǹpútà bá wá tàn sórí kernel tuntun, kò sí Wi-Fi. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ pé wọn kì í ba nǹkan tòde jẹ́, ibo gan-an ni òde ti bẹ̀rẹ̀? Ibí yìí ni iṣẹ́ wọn ti le jù. System call wà lákọsílẹ̀, ìyẹn rọrùn. Àmọ́ nǹkan tí ẹnì kan lóde bá ti gbára lé, bí wọn ò tiẹ̀ ṣèlérí ẹ̀ fún un rí, ó ti di ìlérí nìyẹn.

Ní 2011 Torvalds pinnu pé nọ́mbà 2.6.39 ti gùn jù, ó ní kí èyí tó kàn máa jẹ́ 3.0. Kò sí nǹkan ńlá kankan tó yí padà nínú ẹ̀, nọ́mbà lásán ni. Àmọ́ àwọn prógíráàmù kan wà tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú wọn pé 2.6 ni Linux máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n rí 3 wọ́n ní àwọn ò mọ irú èyí. Wọn ò sọ fáwọn tó ni prógíráàmù pé kí wọ́n lọ jókòó. Wọ́n fi nǹkan kan sínú kernel tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tan án fún prógíráàmù kan, kernel á sọ fún un pé 2.6.40 ni òun tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, prógíráàmù á gbà, iṣẹ́ á máa lọ.

Ẹ rántí àgádágodo ńlá tí wọ́n yọ lọ́dún kan náà. Àkọsílẹ̀ kan wà tí kernel máa ń ṣe nípa iṣẹ́ ara ẹ̀, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan àkọsílẹ̀ yẹn sì ni wọ́n ti fi byte mẹ́rin sílẹ̀ láti sọ bí àgádágodo náà ṣe wà. Wọ́n yọ àgádágodo, wọ́n yọ byte mẹ́rin náà, ó bọ́gbọ́n mu. PowerTOP, prógíráàmù tó ń fi ohun tó ń jẹ bátìrì hàn, ò ṣiṣẹ́ mọ́, torí ṣe ló ti ka àkọsílẹ̀ náà ní byte sí byte láìbéèrè ètò ẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá byte mẹ́rin padà nìyẹn, òfìfo, tí kò sọ nǹkan kan, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú gbogbo àkọsílẹ̀ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lo kernel yẹn, títí PowerTOP fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á bó ṣe yẹ.

Èyí tó kan àwa tí iná ń lọ mọ́ lójú ni ti 2009. Lórí ext3, ètò tó ń tọ́jú fáìlì nígbà náà, ohun tẹ́ ẹ bá kọ á dé orí disk láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tàbí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ prógíráàmù desktop fi ọkàn sí i, wọ́n á kọ fáìlì tuntun, wọ́n á fi orúkọ ti tẹ́lẹ̀ pè é, wọn ò ní bẹ kernel pé kó dájú pé ó ti wọlé. Ext4 dé, ó ń fi àkókò falẹ̀ kó lè to nǹkan dáadáa kó tó kọ ọ́, eré ẹ̀ sì pọ̀. Àmọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì láàárín àkókò yẹn, fáìlì á wà níbẹ̀ àmọ́ kò ní sí nǹkan nínú ẹ̀. Theodore Ts'o tó ń bójú tó ext4 ṣàlàyé pé àwọn prógíráàmù náà ló jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin wà lẹ́yìn ẹ̀ lóòótọ́. Ó ṣàlàyé tán, ó tún ext4 ṣe síbẹ̀, nínú 2.6.30, kó máa tètè kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sí disk. Mo fẹ́ràn ẹni tó bá lè jàre tán kó sì tún ṣe ohun tó yẹ.

Ti 2019 ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n ń múra Linux 5.3 sílẹ̀, àtúnṣe kékeré kan wọnú ext4, tó ń jẹ́ kó máa ka nǹkan láti orí disk lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tó ti ń kà á lọ́pọ̀ ìgbà tẹ́lẹ̀. Kò sí àléébù kankan nínú ẹ̀. Kò fọwọ́ kan system call kankan. Àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan nígbà tí wọ́n bá ń tàn, àfi kéèyàn tẹ kíbọ́ọ̀dù tàbí kó mi mouse kí wọ́n tó tẹ̀síwájú. Kí ló fà á? Kernel máa ń fi ìgbà tí disk bá kàn án lára, ìyẹn ìgbà tí disk bá fèsì fún un, ṣa nọ́mbà tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ jọ, àwọn prógíráàmù sì máa ń fi system call kan tó ń jẹ́ getrandom béèrè irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. Disk ò kàn án lára tó bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, nọ́mbà ò tó, getrandom ní kí prógíráàmù dúró, prógíráàmù dúró, gbogbo kọ̀ǹpútà dúró. Torvalds yọ àtúnṣe ext4 tó dáa yẹn kúrò kí 5.3 tó jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá tún bí kernel ṣe ń ṣa nọ́mbà jọ ṣe nínú 5.4, wọ́n sì dá ti ext4 padà sáyè ẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe tó mọ́ kedere nínú ilé, ó tún lè ba nǹkan jẹ́ níta gbangba láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀.

Nítorí èyí, tí wọ́n bá fẹ́ yí nǹkan tòde padà lóòótọ́, wọ́n á fi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́ ni. Open, tó ti wà látọjọ́ aláyé, kì í ṣàyẹ̀wò gbogbo ohun tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́, tó bá rí àmì tí kò mọ̀ á gbójú fò ó, èyí ni ò jẹ́ kí wọ́n lè fún irú àmì bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ tuntun, torí ó lè jẹ́ pé prógíráàmù kan níbì kan ti ń kì í bọ̀ ọ́ láìmọ̀. Ìyẹn ló bí openat2 nínú Linux 5.6 ní 2020, tó máa ń kọ ohun tí kò bá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Open ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ọdún 2038 náà ń bọ̀. Àwọn ẹ̀rọ 32-bit ń ka aago ní ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970, nọ́mbà tó pọ̀ jù tí wọ́n lè kà sì ni 2,147,483,647, tí yóò pé ní 19 oṣù kìíní 2038, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ìdájí ní Nàìjíríà níbí. Lẹ́yìn ìyẹn aago wọn á padà sí 1901. Linux ò sọ nọ́mbà yẹn di ńlá nínú system call tó wà, torí gbogbo prógíráàmù 32-bit ì bá dàrú lọ́jọ́ kan náà, wọ́n fi system call tuntun kún un nínú 5.1 ní 2019, wọ́n sì jẹ́ kí ti àtijọ́ máa bá tiẹ̀ lọ. OpenBSD, ètò mìíì tó jọ Linux, gba ọ̀nà mìíì, ní 2014 wọ́n kàn yí i padà nínú 5.5 ni, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn tún prógíráàmù wọn kọ́. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí ọwọ́ wọn náà ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde, kernel àti àwọn prógíráàmù tó yí i ká. Debian 13, oríṣi Linux mìíì, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2025 náà ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ 32-bit ẹ̀ bọ́ sí aago tuntun.

Kì í ṣe gbogbo ètò ló ń pààlà sójú kan náà o. Nọ́mbà system call Windows lè yí láti ẹ̀dà kan sí òmíì, àwọn DLL tó wà lókè ẹ̀, ìyẹn àkójọ kọ́ọ̀dù táwọn ápù ń gbà bá kernel sọ̀rọ̀, ni Microsoft ń dáàbò bò. Apple náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi èdè Go kọ prógíráàmù jìyà ẹ̀ ní 2016, nígbà tí macOS Sierra yí bí wọ́n ṣe ń béèrè aago padà, torí Go ń bá kernel sọ̀rọ̀ ní tààrà dípò kó gba ibi tí Apple ní kí wọ́n gbà, ó di Go 1.11 kí wọ́n tó gba ọ̀nà yẹn.

Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín, Linux ló wà nídìí ẹ̀ náà, ibẹ̀ sì ni òfin pé inú ò ní ìlérí ti dun àwọn èèyàn jù. Iléeṣẹ́ tó ṣe chip á mú kernel kan, á fi driver tiẹ̀ kún un, iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù á tún fi tiẹ̀ kún un, lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í dá a padà sínú Linux gangan. Kíkó gbogbo ẹ̀ lọ sórí kernel tuntun di iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó ẹ̀, fóònù á wá dàgbà kó sì kú sórí kernel tí wọ́n fi bí i. Google gbé Treble wá pẹ̀lú Android 8 ní 2017 láti ya iṣẹ́ àwọn oníchip sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà láti Android 12, wọ́n ní fóònù tuntun tó bá ń lo kernel 5.10 gbọ́dọ̀ lo kernel kan náà tí Google fúnra ẹ̀ kọ́, káwọn yòókù kì driver tiwọn bọ̀ ọ́ láti ìta. Kíyẹn tó lè ṣeé ṣe, wọ́n ní láti dá ìlérí kan sílẹ̀ fún inú: àwọn function tí driver ń pè ò ní yí padà, àmọ́ nínú ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn ni o. Tí wọ́n bá kúrò ní 5.10 bọ́ sí 5.15, àdéhùn tuntun nìyẹn. Lójú tèmi, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìlérí tó níwọ̀n, tó sì lọ́jọ́ tó máa parí, kò de ọwọ́ àwọn tó ń tún inú ṣe.

Awuyewuye tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí, Rust ló wà nídìí ẹ̀. Láti Linux 6.1, oṣù kejìlá 2022, ni wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n fi èdè Rust kọ apá kan kernel yàtọ̀ sí C, èdè tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Òfin ṣáà ní ẹni tó bá yí nǹkan inú padà ló máa tún gbogbo ibi tó kàn ṣe. Tí ẹni tó mọ C nìkan bá wá yí nǹkan tí driver Rust ń lò ńkọ́? Ìjà tó wáyé lórí ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 le, nígbà tí Christoph Hellwig ní òun ò fẹ́ kí Rust súnmọ́ apá DMA tí òun ń bójú tó, ìyẹn ibi táwọn irin inú kọ̀ǹpútà ti ń bá mẹ́mọ́rì sọ̀rọ̀ ní tààrà. Torvalds ní kò sẹ́ni tó máa fipá mú un láti fọwọ́ kan Rust, àmọ́ kò lè pàṣẹ fáwọn tó ń lo kọ́ọ̀dù rẹ̀ láti ibòmíì. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn wọ́n ní Rust kì í ṣe ìdánwò mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, bcachefs, ètò fáìlì tó ti wà nínú kernel tẹ́lẹ̀, di ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú 6.18 lẹ́yìn àìgbọ́ra-ẹni-yé tó pẹ́, DKMS ló kù tí wọ́n fi ń pín in, àwọn tó ń lò ó náà á máa ṣọ́nà kernel tuntun bíi ti oní-Wi-Fi wa ní Under G.

Mo gbà pé àwọn tó ń kọ kernel ló tọ̀nà, mi ò sì ní fẹ́ kí wọ́n yí ìpinnu yẹn padà. Àmọ́ ká sòótọ́, ẹni tó ń sanwó ìpinnu yẹn kì í ṣe ẹni tó lówó ra láptọ́ọ̀pù tuntun tí gbogbo driver ẹ̀ ti wà nínú kernel. Ẹni tó ra èyí tó pọ́ọ́kú jù ló ń san án, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un nígbà tó ń rà á. Ó yẹ káwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbí máa sọ ọ́. Kí ẹ tó ra Wi-Fi oní-USB, ẹ ní kí wọ́n kì í bọ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, kí wọ́n tẹ lsusb, àṣẹ tó ń to ohun tó wà lójú USB, kí wọ́n wo nọ́mbà chip ẹ̀ bóyá kernel mọ̀ ọ́n láìfi nǹkan kún un. Ọ̀pọ̀ chip tí wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wọlé láìpẹ́ yìí, driver Wi-Fi tó ń jẹ́ rtw88 nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn tó jẹ́ USB láti 6.2 ní 2023.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má tíì fọ gbogbo ẹ̀ dànù. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ di Shift mú tàbí kẹ́ ẹ tẹ Esc kí GRUB, ibi téèyàn ti ń yan kernel tó máa tàn, lè jáde, ẹ wọ Advanced options, kernel tàná ṣì wà níbẹ̀, Wi-Fi yín á padà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lórí tuntun láti fi wá driver tó bá a mu, ẹ fi wáyà USB so fóònù yín mọ́ ọn, ẹ tan tethering, driver ìyẹn ti wà nínú kernel tipẹ́.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ápù ló kọ̀ lórí kernel tuntun, tí kì í ṣe driver tó wá láti ìta, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sùn. Ọmọ Jámánì kan, Thorsten Leemhuis, ló ń tọpa irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń fojú sí i gan-an. Ohun tí wọ́n á béèrè ni kernel tó ti ń ṣiṣẹ́ kẹ́yìn àti èyí tó kọ́kọ́ kọ̀, tẹ́ ẹ bá sì lè fi git bisect wá àyípadà tó fà á, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ṣe ló ń pín àwọn àyípadà sí méjì sí méjì, bí wọ́n bá tó 15,000, ìdánwò bíi mẹ́rìnlá ló máa fi mú èyí tó jẹ̀bi. Àwọn tó ń ka kọ̀ǹpútà ní LAUTECH lè ṣe é, kò kọjá agbára wọn. Kẹ́ ẹ ṣáà kọ́kọ́ tẹ make localmodconfig, kó lè jẹ́ kìkì ohun tí láptọ́ọ̀pù yín ń lò ló máa kọ́, torí láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí kọ́ kernel kan ṣoṣo, iná ò sì ní dúró dè yín.